Mo Tọ Ipasẹ̀ Grant Thorburn, Ọlọ́jà Kúkúrú Láti Scotland

Ọjọ́ Kìíní: Ọjọ́rú, 4 Okúdù 2025. Baltimore sí New York

Agogo mẹ́fà ìdájí ni mo kúrò nílé. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀, dọ́là 28 ni mo san, nítorí owó ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ náà lé ní ìlọ́po mẹ́ta iye yẹn. A ti wọ New Jersey dáadáa kí táyà ẹ̀yìn tó bẹ́. Ó ju wákàtí méjì lọ tá a fi jókòó sétí títì kí ọkọ̀ mìíràn tó wá gbé wa. Ìyá àgbà kan, ará Dòmíníkà, tó ń lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Bronx, tú ike oúnjẹ rẹ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀wà pupa ló wà níbẹ̀. Ó bu fún gbogbo àwa tá a wà nítòsí rẹ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ojú àti ọwọ́ ló fi ń bẹ̀ wá pé ká jẹun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gba ọ̀nà yìí, ẹ gbé omi àti ìpanu dání, ẹ má sì ṣètò ohunkóhun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe sí ọ̀sán ọjọ́ tẹ́ ẹ bá máa wọ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi jáde. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Baltimore. Èlùbọ́, gaàrí, epo pupa, panla àti irú ni mò ń tà. Ilé ìtajà ńlá kan ṣí sí òpópónà kejì sí mi, iye tí mo fi ń ra gaàrí gan-an ni wọ́n fi ń tà á fáwọn oníbàárà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìtàn àwọn ọlọ́jà tí irú èyí ti dé bá rí, pàápàá àwọn tó bá òkun wá sílẹ̀ yìí bíi tiwa. Èyí tó wọ̀ mí lára jù lọ ni ti Grant Thorburn.

Ìtòsí Dalkeith, tí kò jìnnà sí Edinburgh ní Scotland, ni wọ́n ti bí i ní 18 Èrèlé 1773. Bàbá rẹ̀ ń rọ ìṣó, iṣẹ́ yẹn lòun náà kọ́. Kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Nígbà tó di géńdé, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń béèrè pé kí mẹ̀kúnnù náà ní ohùn nínú ìbò, ìjọba sì ń fojú ọ̀daràn wo irú wọn nígbà náà. Lọ́dún 1794 ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gúnlẹ̀ sí New York ní oṣù Okúdù, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìṣó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi kan ní Bronx ni mo wọ̀ sí. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì ti ń dúró dè mí.

Ọjọ́ Kejì: Ọjọ́bọ̀, 5 Okúdù. Nassau Street àti àyíká rẹ̀

Dọ́là 2.90 ni owó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ́dún 2025 yẹn. Ẹ ò nílò láti ra káàdì wọn, káàdì báńkì yín tàbí fóònù yín lẹ máa fi kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà. Fulton Street ni mo ti bọ́ sílẹ̀. Oòrùn ti mú kí agogo mẹ́wàá tó lù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yà sí Nassau Street ara tù mí, nítorí ọ̀nà náà tínínrín, àwọn ilé tó ga fíofío sì fi òjìji bò ó.

Ọ̀nà yìí ni Thorburn ti tajà. Òwò kọ́ ni iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe níbí. Ìṣó ló rọ fún ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn tó dé, àfi ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń gé ìṣó dé. Ẹ̀rọ náà gba oúnjẹ lẹ́nu gbogbo ẹni tó ń fi òòlù rọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìgbà yẹn náà ni ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ jà ní New York. Lọ́dún 1798, ó pa ju ẹgbàá èèyàn lọ. Àwọn tó lówó sá lọ sí ìgbèríko, Thorburn dúró sígboro, ó ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Ẹ̀yìn èyí ló wá ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ń ta oúnjẹ àti ohun èlò ilé. Ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́, Rebecca, ti kú kí ọdún 1801 tó wọlé.

Nígbà tó yá, ẹlòmíràn tí owó rẹ̀ pọ̀ jù tirẹ̀ lọ fíìfíì ṣí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ sítòsí rẹ̀. Àwọn oníbàárà yà síbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibí yìí ní Baltimore, mo pa ìwé dé, mo lọ jókòó sídìí káńtà mi fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tó ṣe rèé, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń gbin òdòdó sí wà lára ọjà rẹ̀. Ó kíyè sí i pé àwọn obìnrin tó ń rà á máa ń béèrè bóyá kò ní èyí tó rẹwà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà ìwọ́wé ọdún 1802, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ìkòkò mẹ́rin, ó gbé wọn síwájú fèrèsé. Wọ́n rà á. Ó kun méjìlá, wọ́n tún rà á. Ní oṣù Igbe tó tẹ̀ lé e, ó ń kọjá ní Fly Market, ọjà tó wà nísàlẹ̀ Maiden Lane nígbà náà, ó rí ọkùnrin kan tó ń ta òdòdó. Ó já ewé kan, ó fi ìka rà á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó béèrè orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní jeréníọ́mù ni. Ó ní òun ò gbọ́ orúkọ náà rí láyé òun. Ó rà á nítorí kí ìkòkò rẹ̀ lè dùn-ún wò, ó gbé e sórí káńtà. Ẹni tó wọlé ra òdòdó tòun ti ìkòkò. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró títí ọjà fi ń tú kó tó padà lọ bá ọkùnrin yẹn, torí ó mọ̀ pé kò ní fẹ́ tún ru ẹrù rẹ̀ sọdá odò padà sí Brooklyn. Ẹ ò rí ọgbọ́n ọjà! Ìyá mi náà kì í ra ata ní Bódìjà àfi tí oòrùn bá ti ń wọ̀.

Lẹ́yìn náà làwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irúgbìn. George Inglis lórúkọ ọkùnrin olódòdó yẹn, ọmọ Scotland lòun náà. Thorburn ra gbogbo irúgbìn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní dọ́là 15. Àwọn méjèèjì wá fohùn ṣọ̀kan: Inglis yóò máa gbìn, Thorburn yóò máa tà. Bí ilé iṣẹ́ irúgbìn tó lókìkí jù ní New York ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ náà sì ń bá a lọ títí wọ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún.

Mo rìn láti Nassau Street sọ̀ kalẹ̀ ní Maiden Lane títí mo fi dé etí odò. Ilẹ̀ náà da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ẹni ń lọ sódò lóòótọ́. Kò sí ọjà níbẹ̀ mọ́. Báńkì ìjọba àpapọ̀ tó tóbi bí òkè ló gba gbogbo àárín Nassau, Liberty, Maiden Lane àti William, wúrà àwọn orílẹ̀-èdè sì wà nínú ihò àpáta lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan, ọmọ Gánà, béèrè ohun tí mò ń wò. Mo sọ fún un. Ó ní, “Madam, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń dúró síbí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé òdòdó ni wọ́n ń tà níbí.” Ó fi ọ̀nà ojúbọ́rọ́ sí John Street hàn mí.

Mo fẹ́ dé John Street nítorí ọlọ́jà mìíràn. Ilé ìjọsìn Mẹ́tọ́díìsì kan wà níbẹ̀. Èyí tó dúró báyìí jẹ́ ti 1841, ṣùgbọ́n ìjọ náà ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Adúláwọ̀ kan, Peter Williams, ló ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Nígbà tí olówó rẹ̀ fẹ́ kúrò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1783, àwọn alàgbà ìjọ ra Williams ní ogójì pọ́n-ùn. Ó san owó yẹn padà fún wọn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi parí. Tábà ló ń ṣe, tábà ló ń tà, ó sì wà lára àwọn tó dá A.M.E. Zion, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti àwọn Adúláwọ̀, sílẹ̀ lọ́dún 1796. Kó tó di pé Thorburn gúnlẹ̀, Williams ti ra ara rẹ̀ padà. Ọlọ́jà tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ làwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ wọn kò dọ́gba. Ó ń dùn mí pé ìtàn ti Thorburn làwọn èèyàn ń sọ jù.

Ìrẹsì àti adìẹ tí wọ́n ń tà nínú kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá títì ni mo fi jẹun ọ̀sán, dọ́là 10. Kó tó tó ìṣẹ́jú ogún tí mo fi rìn lọ sókè ní Broadway, mo ti dé ibi ìsìnkú àwọn Adúláwọ̀, lẹ́bàá Duane Street. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Lọ́dún 1991, àwọn tó ń kọ́ ilé ìjọba níbẹ̀ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n bá egungun èèyàn pàdé. Òkú 419 ni wọ́n wú, àwọn onímọ̀ sì gbà pé àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ lápapọ̀ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọdún 1794 tí Thorburn dé ni wọ́n ti ibi ìsìnkú náà pa. Nígbà tó ń kun ìkòkò rẹ̀, wọ́n ti ń kọ́lé sórí wọn.

Ọ̀kan lára òkú tí wọ́n wú jẹ́ ti obìnrin tó fá eyín, ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìlú rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tó máa dúró níbẹ̀ tí kò ní rántí ìyá ìyá rẹ̀. Wọ́n tún gbogbo wọn sin ní oṣù Ọ̀wàrà 2003. Mo ṣàdúrà fún wọn. Ọdún 1827 ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ New York, Thorburn sì ti di olówó nígbà yẹn.

Ọjọ́ Kẹta: Ọjọ́ Ẹtì, 6 Okúdù. Newark

Ọjọ́ Iléyá lòní. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin PATH láti World Trade Center, dọ́là 3. Nígbà tí mo jáde ní Newark, mo rí àwọn èèyàn wa nínú agbádá àti ìró àti bùbá, wọ́n ń bọ̀ láti yídì.

Newark ni Thorburn ti ṣubú. Nígbà tí irúgbìn ń tà wìtìwìtì, ó pinnu pé òun fúnra òun ni yóò máa gbin gbogbo rẹ̀. Ó ra ilẹ̀ sí Newark, ó ko owó lé oko. Owó oṣù àwọn lébìrà àti ìnáwó oko pọ̀ ju èrè lọ, gbèsè sì gbé e mì ní nǹkan bíi 1813. Nígbà yẹn, gbèsè lásán ń gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó padà sí New York, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo.

Kò sí oko níbẹ̀ mọ́, ilé àti títì ló kù. Ilé ìjọsìn kan ní Broad Street, Old First Church, ti wà níbẹ̀ láti bíi 1791, nítorí náà mo mọ̀ dájú pé Thorburn kọjá níwájú rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Takisí tí mo wọ̀ padà, ọmọ Ìsẹ́yìn ló ń wà á. Bó ṣe gbọ́ “ẹ káàárọ̀” lẹ́nu mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti jẹ ẹran iléyá?” Mo ní mi ò tíì jẹ ẹ́. Ó ní kí n má sanwó, ó gbé mi lọ sí ilé ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù àti búkà. Àwọn èèyàn kún bámúbámú. Wọ́n fún mi ní ìrẹsì àti ẹran àgbò tí wọ́n dín, wọ́n tún dì í fún mi lọ sílé. Kò sẹ́ni tó gbowó lọ́wọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá dé Newark lọ́jọ́ lásán, iyán àti ẹ̀fọ́ rírò ò ní kọjá dọ́là 20 tàbí 22.

Mo sọ ìtàn Thorburn fún màmá oníṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ó fi káńtà sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn kó gbìn, ẹni tó bá fẹ́ tà kó tà.” Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn, wọ́n fi irúgbìn ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ata rodo hàn mí nínú ọ̀rá kéékèèké. Láti oṣù Ẹrẹ́nà títí di Ẹ̀bìbì, òun ló ń gbé owó wọlé fún wọn jù, nítorí àwọn èèyàn wa tó ní ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé fẹ́ gbin ewédú, ilé ìtajà ńlá kò sì tà á. Àwọn oníbàárà mi ti bi mí léèrè irúgbìn ewédú láìmọye ìgbà. Mo ra àpò kan lọ́wọ́ màmá, mo sì gba nọ́ńbà ẹni tó ń kó o wá fún wọn.

Ọjọ́ Kẹrin: Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Okúdù. Astoria

Ọkọ̀ ojú omi láti Pier 11, nítòsí Wall Street, dọ́là 4.50. Lára gbogbo owó tí mo ná lọ́nà, èyí ló dùn mọ́ mi nínú jù, nítorí ó gba odò East River lọ, ojú odò tí Inglis ti ń kó òdòdó sọdá láti Brooklyn nígbà tí kò sí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ẹ jókòó sókè, ẹ sì wọ aṣọ tó nípọn, afẹ́fẹ́ odò kì í ṣeré.

Ní àwọn ọdún 1820, Thorburn gba ilé ìpàdé àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan, ní Liberty Street, ó sọ ọ́ di ilé irúgbìn. Òdòdó àti ẹyẹ ló kún inú rẹ̀, àwọn tí kò fẹ́ ra nǹkan kan pàápàá ń yà wò ó. Ibẹ̀ ló ti di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ọgbà òdòdó ní Hallett’s Cove, tó ń jẹ́ Astoria báyìí. Ilé gíga ló wà létí omi níbẹ̀ nísinsìnyí. Mo rìn yíká, mo mu kọfí, mo padà.

Ọjọ́ Karùn-ún: Ọjọ́ Àìkú, 8 Okúdù. New Rochelle àti New Haven

Mo gbéra láti Grand Central. Ní òpin ọ̀sẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin yìí dín owó ju ti àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ lọ. Ẹ rà á lórí fóònù, kí wọ́n má bàa gba àfikún lọ́wọ́ yín nínú ọkọ̀.

Mo sọ̀ ní New Rochelle nítorí Thomas Paine. Lẹ́yìn tí Paine, tó fi kálámù jà fún òmìnira Amẹ́ríkà, padà dé láti Faransé lọ́dún 1802, àwọn onígbàgbọ́ kórìíra rẹ̀ torí ohun tó kọ nípa Bíbélì. Thorburn ló ń dá orin Sáàmù ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Scotland ní Cedar Street. Ó bọ Paine lọ́wọ́. Ìjọ sì gba orin lẹ́nu rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Thorburn kò gba ẹ̀kọ́ Paine, ó kàn kí i ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ sí i torí ìyẹn.

Ọjọ́ òní gan-an, 8 Okúdù, ni Paine kú lọ́dún 1809. Àwọn Quaker kọ̀ pé wọn ò ní sin ín sílẹ̀ wọn, oko rẹ̀ ní New Rochelle ni wọ́n gbé e lọ. Lọ́dún 1819, William Cobbett, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, hú egungun rẹ̀, ó kó o lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀kùn ilé Paine wà ní títì nígbà tí mo débẹ̀. Bàbá kan tó ń bomi rin ọgbà rẹ̀ ládùúgbò náà fún mi lómi tútù, ó sì fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi padà sí ibùdókọ̀, nítorí bọ́ọ̀sì ọjọ́ Àìkú kì í tètè dé.

Mo dé New Haven lọ́sàn-án. Ìlú yìí ni Thorburn kú sí ní 21 Ṣẹẹrẹ 1863, lẹ́ni ọdún 89. Ó ti fi òwò sílẹ̀ fún ìdílé rẹ̀ tipẹ́, ìwé ló ń kọ sáwọn ìwé ìròyìn, orúkọ Lawrie Todd ló sì ń lò. Ogún ọjọ́ péré ṣáájú ikú rẹ̀ ni Lincoln kéde òmìnira àwọn ẹrú ìpínlẹ̀ tó ń ṣọ̀tẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede ìlú, níwájú ilé ìjọba, ère Sengbe Pieh dúró síbi tí ẹ̀wọ̀n wà tẹ́lẹ̀. Òun ni olórí àwọn ọmọ Mende, ẹ̀yà kan ní Sàró, tó gba ọkọ̀ ojú omi Amistad lọ́wọ́ àwọn tó kó wọn lẹ́rú lọ́dún 1839. Nígbà tí wọ́n tì wọ́n mọ́bẹ̀, àwọn ará ìlú ń sanwó wọlé láti wá wò wọ́n. Ọmọbìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Sàró, ń ya fọ́tò níbẹ̀. Ó bá mi ya tèmi, ó sì sọ fún mi pé Mende ni ìyá òun.

Ní Wooster Street mo jẹ písà tí wọ́n fi ìṣáwùrú sí. Ó lé díẹ̀ ní ogún dọ́là, ó tó èèyàn méjì jẹ. Ìlà àwọn tó ń dúró gùn, nítorí náà ẹ tètè dé.

Fún ẹni tó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí: ẹ má fi Àìkú tàbí Ajé sí ibi ìsìnkú Broadway, ilé inú máa ń tì. Ẹ kọ́kọ́ pe ilé Paine lórí fóònù kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ní Nassau Street àti John Street, bàtà tó rọ̀ lẹ máa nílò. Mo wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ láti New York, dọ́là 25, mo sì dé Baltimore kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó là.